Rosalind Franklin: Láti Inú Èédú Dé Inú DNA

Ẹ̀yin ará kíláàsì mi, tí wọ́n bá ti dárúkọ Rosalind Franklin, fọ́tò DNA nìkan là ń gbọ́. Èmi fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti èédú.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1920, ó sì kàwé ní Cambridge. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1942, ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀. Ó fi gáàsì helium wọn àwọn ihò inú rẹ̀ tí ojú ò lè rí. Ó rí i pé ẹnu ihò míì há débi pé ṣe ló dà bí asẹ́ ògì: mólékù kékeré á kọjá, ńlá á dúró síta. Irú asẹ́ kábọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ya náítírójìn sọ́tọ̀ nínú afẹ́fẹ́ lónìí o!

Ní Párísì, láti 1947, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi X-ray wo ètò átọ́ọ̀mù. Ní 1951 ó dé King's College, Lọ́ńdọ̀nù. Ní May 1952, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Raymond Gosling, ya Photo 51 lábẹ́ rẹ̀. Ní January 1953, Maurice Wilkins fi fọ́tò yẹn han James Watson, Rosalind ò sì mọ̀. Ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ní April, Watson àti Francis Crick gbé àwòṣe DNA wọn jáde.

Rosalind ti lọ sí Birkbeck nígbà yẹn, ó ń ṣèwádìí fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ewé tábà jẹ́. Jẹjẹrẹ pa á ní 16 April 1958, lẹ́ni ọdún 37. Nígbà tí Watson, Crick àti Wilkins gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1962, ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tó ti kú.