Robert Bunsen: Ihò Kékeré, Iná Gidi

Ìlú Göttingen ní Jámánì ni wọ́n ti bí Robert Bunsen ní 1811. Ìmọ̀ kẹ́míkà ló kọ́. Ìgbà kan tó ń ṣe ìwádìí, èròjà olóró bú gbàmù níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ kan sì fọ́. Síbẹ̀, kò fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ní 1852 ó dé Yunifásítì Heidelberg. Iná gáàsì ìgbà náà ń pọ́n bí ìyeyè, kò gbóná tó, èéfín rẹ̀ sì ń sọ nǹkan di dúdú. Bunsen mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni kò tó o. Òun àti Peter Desaga, tó ń ṣe irinṣẹ́ níbẹ̀, ṣe ọ̀pá tó ní ihò ní ìdí, kí afẹ́fẹ́ lè pò mọ́ gáàsì kó tó jó. Iná di búlúù, ó gbóná janjan. Bunsen kò sọ ọ́ di ohun ìní ara rẹ̀. Ẹni tó bá wù ló lè ṣe irú rẹ̀.

Iná yìí ni òun àti Gustav Kirchhoff fi ṣàwárí cesium ní 1860 àti rubidium ní 1861. Ọ̀rọ̀ Látìn fún àwọ̀ tí wọ́n rí, búlúù àti pupa, ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ ò rí nǹkan!

Bunsen kú ní 1899. Bí sítóòfù gáàsì yín bá ń pọ́n, tó ń kun ìdí ìkòkò, ẹ má tíì bú ẹni tó ta gáàsì. Ẹ pa á, kó tutù, kí ẹ wo ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ìdọ̀tí lè ti dí i.