James Joule, Ọmọ Apọntí Tó Wọn Ooru

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ka wa yìí tí kò tíì kọ lẹ́tà J sẹ́yìn nọ́ńbà kan nínú ìdánwò. Orúkọ ènìyàn ni lẹ́tà náà dúró fún: James Prescott Joule, ọkùnrin tí kò ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kankan rí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti ń tún amplifier ṣe láti fi rówó ná, òfin ọkùnrin yìí ni irinṣẹ́ tí mo ń lò jù lọ.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1818 ni wọ́n bí i ní Salford, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ ló ni ilé ìpọntí bíà kan. Ara ọmọ náà kò le, ẹ̀yìn ń yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí náà ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ níwèé. Ní 1834, bàbá rẹ̀ fi òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Benjamin, sọ́dọ̀ John Dalton, àgbà onímọ̀ tó gbé ọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù kalẹ̀. Àìsàn Dalton ló dá ẹ̀kọ́ náà dúró ní 1837.

Ní ilé ìpọntí yẹn, ẹ̀rọ tó ń lo agbára oru omi ló ń ṣe iṣẹ́ líle. Joule rò pé bóyá mọ́tò oníná, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nígbà náà, lè rọ́pò rẹ̀. Ó ṣe mọ́tò tirẹ̀, ó fi bátìrì gbé e, ó sì jókòó ṣírò. Owó síńkì tí bátìrì ń jẹ pọ̀ ju owó èédú lọ fún iṣẹ́ kan náà. Ẹlòmíràn ì bá pa ọ̀rọ̀ náà tì níbẹ̀. Joule ní tirẹ̀ wá kọjú sí ooru tó ń jáde lára waya.

Ní 1840, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 21, ó ká waya, ó rì í sínú omi, ó jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń ka òṣùwọ̀n ooru. Ó rí i pé bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Bí ìdènà waya náà bá sì ṣe pọ̀ tó ni ooru rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìkékúrú iṣẹ́ náà nìkan. Ìwé ìròyìn Philosophical Magazine ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní kíkún ní 1841.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan ṣàlàyé ohun tí òfin yìí wúlò fún. Àwọn olórin ìjọ kan gbé amplifier gìtá béèsì wá bá mi. Bó bá ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, á gbóná, á sì dákẹ́. Fáànù tó yẹ kó máa tu irin ẹ̀yìn àwọn transistor lára kò yí. Mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo dúró kí iná inú àwọn kapásítọ̀ ńlá tán, mo sì fi mítà rí i dájú. Mo fi ìka yí fáànù, ó yí geere. Mo fún un ní fóòtì 12 láti ibòmíràn, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo tan amplifier padà, fóòtì 24 pé níbi tí iná fáànù ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lẹ́nu fáànù. Rẹ́sísítọ̀ óòmù 82, oníwáàtì 2, ló wà láàárín méjèèjì. Ó ti jó, ó sì ti já.

Ẹni tó bá ń kánjú á fi irú rẹ̀ pààrọ̀, á gba owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló jó o? Fáànù tí àwòrán sákíìtì náà sọ jẹ́ ti áḿpíà 0.15, èyí tí mo bá níbẹ̀, tí atúnṣe kan ti fi pààrọ̀ tẹ́lẹ̀, jẹ́ ti 0.30. Mo mú bírò. Pẹ̀lú fáànù àkọ́kọ́, nǹkan bí áḿpíà 0.15 ló ń gba inú rẹ́sísítọ̀ kọjá, ooru rẹ̀ sì jẹ́ bíi wáàtì 1.8. Pẹ̀lú fáànù kejì, iná náà di bíi 0.2, ooru sì di bíi wáàtì 3.2. Ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni iná fi lé, ṣùgbọ́n ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Mo fi fáànù tó yẹ sí i, pẹ̀lú rẹ́sísítọ̀ oníwáàtì 5. Ká ní irú rẹ́sísítọ̀ ti tẹ́lẹ̀ nìkan ni mo fi pààrọ̀, yóò tún jó.

Joule kò fi mọ sórí waya. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ooru jẹ́ ohun kan tó ń ṣàn bí omi, tí ẹnikẹ́ni kò lè dá tàbí pa run. Joule ní iṣẹ́ ló ń di ooru. Ní 1843 ó ka èyí fún àwọn onímọ̀ ní Cork, ní Ireland, wọn kò kọbi ara sí i. Ó padà sídìí òṣùwọ̀n rẹ̀: ó jẹ́ kí òṣùwọ̀n ìwúwo máa já wálẹ̀ kó máa yí abẹ̀bẹ̀ nínú omi, ó sì ń wọn bí omi náà ṣe ń móoru. Ìyípadà náà kéré débi pé ó ní òun lè ka ìdá kan nínú 200 dígírì Fahrenheit, èyí sì mú kí àwọn kan ṣiyèméjì.

Ní 1847, ní Oxford, wọ́n ní kó gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan, William Thomson, tó di Lord Kelvin lẹ́yìn náà, tẹ́tí sílẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni Joule gbé Amelia Grimes níyàwó. Thomson ròyìn pé òun bá wọn pàdé lórí òkè Alps nígbà ìrìn àjò ìgbéyàwó wọn, Joule sì mú òṣùwọ̀n ooru dání láti wò ó bóyá omi tó ń já láti òkè ń móoru nísàlẹ̀.

Ní 1850 ó tẹ iye tó rí jáde: iṣẹ́ tí ìwúwo pọ́n-ùn kan ń ṣe bó bá já wálẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà 772 tó láti mú pọ́n-ùn omi kan gbóná sí i ní dígírì Fahrenheit kan. Ọdún yẹn ni Royal Society gbà á wọlé. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Amelia kú ní 1854, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀, kò sì pẹ́ sígbà náà tí wọ́n ta ilé ìpọntí. Joule kò fẹ́ ìyàwó mìíràn, ṣùgbọ́n kò yé wọn nǹkan.

Ó kú ní ìlú Sale, lẹ́bàá Manchester, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1889. Bí ẹ bá rí ohun èlò tó jó, ẹ rántí rẹ̀, kí ẹ gbé mítà kí ẹ tó gbé irin tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí wọn kò kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀ yìí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣe ló tún nǹkan wọ̀n. Nọ́ńbà ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta sàréè rẹ̀: 772.55, iye tó rí nígbà tó tún un wọ̀n kẹ́yìn, nígbà tó ń sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún.