Bìláálù ti Bàhíà

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, lẹ́yìn àsálátù kan ní Ọ̀fàdà ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ó ní bí ó bá jẹ́ pé ohun gbogbo ni Ọlọ́hun ti kọ sílẹ̀ kí a tó bí ènìyàn, kí ni ó wá kù tí ènìyàn fẹ́ ṣe? Ó ní ẹni tí ó jalè, kádàrá rẹ̀ ni; ẹni tí kò kírun, kádàrá rẹ̀ náà ni. Arábìnrin kan bi í léèrè pé bí olè bá kó àpò ìrẹsì bàbá rẹ̀ nínú àká lóru, ṣé kádàrá ni yóò pè é ni àbí yóò fi ariwo ta. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kì í ṣe ohun ẹ̀rín, a sì ṣèlérí pé a ó dáhùn rẹ̀ nínú ìwé yìí.

A rò ó títí, a rí i pé bí a bá ń wá ẹni tí a lè sọ pé kò sí nǹkan kan ní ìkáwọ́ rẹ̀, ẹrú ni. Ẹlòmíràn ni ó ni ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó sọ ọ́ ní orúkọ. Nítorí náà ìtàn ẹrú kan ni a fẹ́ sọ. Ọmọ Yorùbá ni, Mùsùlùmí ni, àlùfáà sì ni pẹ̀lú.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ wa yìí ní ìgbà náà. Ní nǹkan bí ọdún 1820 sí ọdún 1830, ogun fọ́ Òwu, ó sì fọ́ àwọn ìlú inú igbó Ẹ̀gbá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí àwọn tí ó ṣẹ́kù fi kó ara wọn jọ sí abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ náà kò fara rọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni a kó lẹ́rú. Wọ́n gba Èkó, Àgbádárìgì àti Ouidah kọjá sórí omi, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì balẹ̀ sí ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bàhíà, ní orílẹ̀-èdè Brazil. Òyìnbó ni ó ra ẹrú, ṣùgbọ́n àwa dúdú ni a tà á, àwọn tí ó ń kírun sì wà nínú àwọn tí ó tà á. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ fún ara wa.

Ní Bàhíà, Nàgó ni wọ́n ń pe ẹni tí ó bá ń sọ èdè wa. Mùsùlùmí inú wọn, Malê ni wọ́n ń pè é. Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ẹ ó gbọ́ ìmàle nínú rẹ̀. Agbádá funfun tí wọ́n ń wọ̀ kírun, abadá ni àwọn Òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́, wọn kì í wọ̀ ọ́ jáde sí ìgboro.

Ọ̀kan nínú wọn ni Licutan. Olówó rẹ̀ sọ ọ́ ní Pacífico, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í jà. Àgbàlagbà ni, ó ga, ó tín-ín-rín, irùngbọ̀n rẹ̀ kò pọ̀, ilà sì wà ní ojú rẹ̀, àwọn kan ní òòró, àwọn kan ní ìbú. Oníṣègùn Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Antônio Pinto de Mesquita Varella ni ó ni ín. Iṣẹ́ Licutan ni láti máa ká ewé tábà ní etí èbúté. Bí ó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó di àfáà. Ó ń kọ́ àwọn ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kéú àti ìrun, wọ́n sì ń kúnlẹ̀ gba àdúrà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́: ẹni tí òfin ìlú kà mọ́ ẹrù ni àwọn ènìyàn ń kúnlẹ̀ fún.

Àwọn ẹrú wọ̀nyí a máa dá owó jọ. Ẹgbẹ́ kan wà lábẹ́ Luís Sanim, ọmọ Tápà, tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá 320 réis, èyí tí ó tó owó iṣẹ́ òòjọ́ kan. Wọ́n ń fi lára rẹ̀ ra aṣọ agbádá, wọ́n ń fi lára rẹ̀ san ohun tí ẹrú gbọ́dọ̀ máa san fún olówó rẹ̀, wọ́n sì ń fi ìyókù ra ẹrú sílẹ̀ lóko ẹrú. Àwọn ọmọ kéú Licutan náà dá owó jọ, wọ́n gbé e lọ bá oníṣègùn náà kí ó gbà á kí ó dá àfáà wọn sílẹ̀. Ó kọ̀. Wọ́n tún padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kọ̀. Òfin Brazil ìgbà náà kò fi ipá mú olówó ẹrú láti gba owó ìràpadà. Ọdún 1871 ni òfin tó fún ẹrú ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, ọdún 1888 ni wọ́n sì tó fòpin sí oko ẹrú pátápátá.

Oníṣègùn tí ó kọ owó yìí tún jẹ gbèsè. Àwọn fadá Kámẹ́lì ni ó jẹ lówó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1834, wọ́n mú Licutan dípò gbèsè náà bí ẹni mú ewúrẹ́, wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n tí ó wà nínú ilé ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n ní àwọn yóò tà á ní gbàǹjo. Ẹni tí kò ṣẹ̀, tí kò yá owó, òun ni ó wà ní àtìmọ́lé. Lójoojúmọ́ ni èrò ń wá bẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ń kúnlẹ̀ gba àdúrà níbẹ̀ náà. Ní àsìkò yìí kan náà ni wọ́n wó àtíbàbà tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí kan kọ́ fún ìrun ní àgbàlá Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí ó ni wọ́n, ní àdúgbò Vitória. Ara ń ta wọ́n. Ẹnì kan wá sí ẹ̀wọ̀n wá sọ fún Licutan pé kí ó fọkàn balẹ̀, pé bí ààwẹ̀ bá parí, yóò jáde, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́.

Wọ́n fi ètò sí òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù kìíní ọdún 1835, ní ìparí Ramọdáànù ọdún 1250 Hijira. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, àṣírí tú sí àwọn aláṣẹ lọ́wọ́. Ọmọ Nàgó bíi tiwọn ni obìnrin tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, òun fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́ ẹrú rí. Àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Ladeira da Praça, nǹkan bí 60 ọkùnrin sì já jáde pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Ibo ni wọ́n kọ́kọ́ dorí kọ? Ẹ̀wọ̀n tí Licutan wà ni. Ìbọn ń dún láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀wọ̀n, ó tún ń dún láti ilé gómìnà tí ó wà nítòsí. Wọn kò rí ọ̀nà wọlé. Àwọn mìíràn dara pọ̀ mọ́ wọn, títí tí wọ́n fi tó nǹkan bí 600, wọ́n ń jà láti àdúgbò dé àdúgbò, títí tí àwọn ológun ẹlẹ́ṣin fi ká wọn mọ́ ní Água de Meninos létí òkun. Nǹkan bí 70 nínú wọn ni ó kú, àwọn kan sì kú sómi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn tí wọ́n mú wá sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn tí ó rí Licutan ní òwúrọ̀ náà jẹ́rìí pé ó dorí kodò, kò gbé e sókè. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú wá fi ìwé kíká kan lé e lọ́wọ́, tí a fi hárúfù kéú kọ. Ó kà á, ó sì sunkún.

Àwa kò ní jókòó sí Ọ̀fàdà níhìn-ín kí a máa pa àṣẹ bóyá ó yẹ kí wọ́n jà tàbí kò yẹ. Àádọ́rin òkú kì í ṣe ohun kékeré, àwọn tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ sì wà nínú àwọn tí ìyà tọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹjọ́ ni a fẹ́ kí ẹ wò.

Wọ́n mú Licutan wá síwájú adájọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ó ní Bìláálù ni òun ń jẹ́. Inú bí adájọ́. Ó ní àwọn mọ̀ dájú pé Licutan ni. Ó dáhùn pé òótọ́ ni pé wọ́n ń pe òun ní Licutan, ṣùgbọ́n òun lè jẹ́ orúkọ tí ó bá wu òun.

Ẹ mọ Bìláálù ọmọ Rabáà. Ẹrú ni ní Mẹ́kà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí yanrìn gbígbóná, wọ́n gbé òkúta lé e láyà kí ó lè sẹ́ Ọlọ́hun, kò sẹ́ ẹ. Àbúbákárì ni ó rà á sílẹ̀, òun sì ni ó kọ́kọ́ pe ìrun nínú ẹ̀sìn wa. Àwọn tí ó fẹ́ ṣe bí Àbúbákárì fún Licutan wà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé owó wá, ọwọ́ tí yóò gbà á ni kò ṣí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ, adájọ́ béèrè àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é. Kò dárúkọ ẹnì kankan. Àwọn ọmọ kéú rẹ̀ tó ọ̀pọ̀, ojúlé wọn kò ṣàjèjì sí i, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo kò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn onímímọ̀ ìgbàanì ti jà lórí kádàrá gan-an. Àwọn Jabariyyah ní ènìyàn dà bí ìyẹ́ inú afẹ́fẹ́, ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbé e sí ni yóò lọ. Àwọn Qadariyyah ní ènìyàn ni ó ń dá iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ àwọn àlùfáà wa ń tọ̀ wà láàárín: Ọlọ́hun ni ó dá iṣẹ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un, òun ni yóò sì jíhìn rẹ̀. A ti kọ́ èyí nínú ìwé tipẹ́. Ní ti àwa, a kò mọ bí ó ṣe rí gan-an àfi ìgbà tí a rí ọkùnrin yìí tí ó dúró níwájú adájọ́. Kò yan ogun tí ó kó o, kò yan ọkọ̀, kò yan olówó rẹ̀, kò yan gbèsè. Ó ku ẹnu rẹ̀ nìkan.

Wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin nínú àwọn tí ó jà ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1835. Licutan kò jáde ní ẹ̀wọ̀n ní gbogbo òru ìjà náà, kò sí idà ní ọwọ́ rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n dá 1,200 ẹgba fún un ní gbangba. Àádọ́ta ni wọ́n ń nà án lójúmọ́, kí ó má baà kú kí ó tó pé.

A ka ìtàn yìí fún àwọn tí ó wá sí àsálátù ní Ọ̀fàdà kí a tó gbé e wá síbí. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó béèrè ìbéèrè ìjọ́sí dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó ní ẹgba náà ńkọ́, ṣé kádàrá ni? A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní orúkọ yẹn ńkọ́? Wọ́n ti ń pe ìrun Àyílà nígbà náà, a dìde lọ ṣe àlùwàlá.