Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrà àti Àrùn Ilẹ̀gbóná

Ǹjẹ́ o ti gbọ́ nípa ṣọ̀pọ̀nná rí? Bí o bá ń gbé ní Ìlobù tàbí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín. Láyé àtijọ́, ẹ̀rù kì í jẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Olóde tàbí ilẹ̀gbóná ni wọ́n máa ń pè é. Jẹ́ kí a ka ìtàn ọkùnrin kan tí ó bá àrùn yìí jà.

Ìlú Freetown ní ilẹ̀ Sàró ni a ti bí Ògúntọ́lá Sàpàrà ní ọdún 1861. Ọmọ Iléṣà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí, ni bàbá rẹ̀. Wọ́n ti mú bàbá náà lẹ́rú rí kí ó tó gba òmìnira. Ní ọdún 1876, Sàpàrà wá sí Èkó. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, lẹ́yìn náà ó kọ́ iṣẹ́ apoògùn. Nígbà tí arábìnrin rẹ̀ kú níbi ìbímọ, ó pinnu láti di dókítà. Ó lọ kàwé ní London ní ọdún 1888. Ní ọdún 1896, ìjọba gbà á sí iṣẹ́ dókítà ní Èkó.

Báwo ni ilẹ̀gbóná ṣe ń pa ènìyàn? Kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ó ń fà á. Bí aláìsàn bá wúkọ́ tàbí tí ó bá sọ̀rọ̀, kòkòrò náà lè gba imú tàbí ẹnu wọ inú ẹlòmíràn. Kò lè pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Inú ara ènìyàn ni ó ti ń bí sí i. Fún nǹkan bí ọjọ́ méjìlá, ẹni náà kò ní mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ibà, orí fífọ́ àti ẹ̀yìn ríro yóò dé. Gbogbo ara yóò sú, yóò sì kún fún ọyún. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó bá mú, bíi mẹ́ta ni ó ń pa. Ó ń fọ́ àwọn mìíràn lójú.

Sàpàrà fura sí àwọn kan nínú àwọn abọrẹ̀ Ṣọ̀pọ̀nná, nítorí pé àwọn ni ó ń kó ẹrù ẹni tí àrùn náà bá pa. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, ó sì wọ ẹgbẹ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀. Ó rí i pé wọ́n ń ha ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n há kó àrùn ran ẹlòmíràn. Ó sọ fún ìjọba, ìjọba sì fi òfin de ìsìn náà. Sàpàrà tún rọ àwọn ènìyàn kí wọ́n bupá, nítorí pé bupá ń kọ́ ara láti dá kòkòrò náà mọ̀ kí ó sì pa á.

Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1928, ó sì kú ní ọdún 1935. Kò rí òpin ìjà náà. Ọdún 1970 ni a rí ilẹ̀gbóná kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán pátápátá láyé.

Nítorí náà, má ṣe sá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀tá tí a kò rí ni ó ń lé jáde.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú kí Sàpàrà pinnu láti di dókítà?
2. Ọ̀nà wo ni kòkòrò ilẹ̀gbóná ń gbà wọ inú ara?
3. Kí ni bupá ń ṣe fún ara?