JEANNE JUGAN, ÌYÁ ÀWỌN ARÚGBÓ

A bí Jeanne Jugan ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ́któbà, ọdún 1792, ní Cancale, ìlú àwọn apẹja létí òkun ní ìhà Bretagne, ilẹ̀ Faransé. Ọmọdé kékeré ni nígbà tí baba rẹ̀ lọ sí òkun tí kò sì padà mọ́, ìyá rẹ̀ sì tọ́ wọn dàgbà nínú òṣì. Jeanne ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú ilé ìdáná ọlọ́lá kan; lẹ́yìn èyí ó lọ sí Saint-Servan, ó sì ń tọ́jú aláìsàn ní ilé-ìwòsàn ibẹ̀ títí àárẹ̀ fi mú un. Ọkùnrin kan fẹ́ fi í ṣe aya, ṣùgbọ́n ó kọ̀.

Ó ti di ẹni ọdún 47 kí iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà òtútù ọdún 1839, ó mú opó arúgbó kan wá sí ilé. Anne Chauvin ni orúkọ rẹ̀. Afọ́jú ni, ẹ̀gbà sì ti mú apá kan ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ibùgbé kékeré tí Jeanne àti àwọn obìnrin méjì jọ háyà ni ó mú un wá. Ó fi ibùsùn ara rẹ̀ fún opó náà, òun sì gun òkè àjà lọ sùn. Kò pẹ́ tí a fi mú arúgbó mìíràn wá. Ní ọdún 1841 wọ́n ti di 12, ó sì di dandan láti wá ilé tí ó tóbi jù.

Báwo ni ó ṣe ń bọ́ wọn? Agbe ni púpọ̀ nínú àwọn ìyá arúgbó wọ̀nyí ń ṣe tẹ́lẹ̀. Jeanne béèrè ilé àwọn tí ń ta wọ́n lọ́rẹ, ó gbé agbọ̀n lọ́wọ́, ó sì ń lọ tọrọ ní ipò wọn, kí wọn kí ó lè jókòó sí ilé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó rọrùn fún un. Ìtìjú ńlá ni. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni, kì í ṣe ti Ìjọ tiwa, ṣùgbọ́n mo rò pé àwa tí ojú ń tì láti gbé àwo ọrẹ lè kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀.

Báyìí ni ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Àwọn Arábìnrin Kékeré ti Àwọn Tálákà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1843 àwọn arábìnrin náà tún yàn án ní olórí, ṣùgbọ́n Páàdì Le Pailleur, tí í ṣe alábòójútó wọn, sọ ìyàn náà di asán, ó sì fi ọ̀dọ́bìnrin kan sí ipò rẹ̀. Jeanne gbé agbọ̀n rẹ̀, ó ń tọrọ lọ. Ní ọdún 1845 àwọn ọ̀mọ̀wé Akadẹ́mì ilẹ̀ Faransé fún un ní ẹ̀bùn 3,000 faranki. Síbẹ̀ ní ọdún 1852 a pè é kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà, a sì fi í sí ìkọ̀kọ̀. Páàdì ń jẹ́ kí a gbà pé òun ni olùdásílẹ̀. Ọdún 1890 ni a tó mú un kúrò nípò. Ní ọdún 2009 ni Póòpù Benedict XVI ka Jeanne mọ́ àwọn ẹni mímọ́.

Ọdún 27 ni ó fi wà ní ipò ẹ̀yìn yìí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní Saint-Pern. Nígbà ogbó rẹ̀ ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, bíi ti opó tí ó kọ́kọ́ gbà sílé. Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, 1879, ní ẹni ọdún 86. Àwọn arábìnrin tí ń tọ́jú arúgbó ti di 2,400 nígbà náà. Sista Maria ti Àgbélébùú ni àwọn ọ̀dọ́ inú wọn ń pè é, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé òun ni ó dá ilé náà sílẹ̀.