Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Owó Kòkó

Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ ni a bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọjọ́ 6, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1909. Baba rẹ̀ kú ní 1920, ojú rẹ̀ sì rí màbo kí ó tó kàwé. Kí ó tó di agbẹjọ́rò, ó ṣòwò kòkó àti ọkọ̀, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìyẹn ni pé ó ti mọ ìṣe ọjà kòkó kí ó tó dé ipò àṣẹ.

Ní 1954, ọdún tí ó di Olórí Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ẹkùn wa gba Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù tirẹ̀. Bọ́ọ̀dù yìí nìkan ni ó láṣẹ láti ta kòkó sí òkè òkun. Òun ni í dá iye lé kòkó ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Iye yẹn ni àgbẹ̀ Ṣúpárè, Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ ń gbà. Bí ọjà àgbáyé bá gbówó lórí, èrè di ti Bọ́ọ̀dù. Bí ó bá sì já wálẹ̀, Bọ́ọ̀dù ni yóò fara gbá a.

Nínú àpò yìí ni ìjọba ti ń rówó ṣe ìdàgbàsókè. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù Ṣẹẹrẹ, 1955. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n lé ní 456,000 ní 1954 di ohun tí ó lé ní 811,000. Ọmọ àgbẹ̀ Àkókó wà lára wọn. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: àgbẹ̀ ni ó san púpọ̀ nínú owó náà, a kò sì bi í kí a tó yọ ọ́. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Coker yẹ ìnáwó náà wò ní 1962, àbọ̀ rẹ̀ kò gbè é.

Ó ṣẹ̀wọ̀n láti 1963 di 1966; lẹ́yìn náà ni ó di Kọmíṣọ́nnà Ìnáwó fún ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde nítorí owó orí ní 1968 sí 1969, òun ni ó lọ bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́.

Ní 1986, ìjọba ológun tú Bọ́ọ̀dù ká lábẹ́ ètò Sáàpù. Owó kòkó gòkè gan-an ní náírà, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò kan ń kó kòkó tí kò gbẹ dáadáa lọ sókè òkun. Awólọ́wọ̀ kú ní ọjọ́ 9, oṣù Èbìbí, 1987. Láti ìgbà Sáàpù, àgbẹ̀ Ṣúpárè ń ta kòkó rẹ̀ fún ẹni tí ó bá wù ú, ní iye tí ọjà bá gbé e dé lọ́jọ́ náà.