Albert Bernhard Frank: Ẹni Tí Ó Rí Alágbàtọ́ Igi Lábẹ́ Ilẹ̀

Olú kan wà nínú igbó ilẹ̀ Faransé àti Ítálì tí kì í yọ orí síta. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń gbé, ó rí róbótó bí ọmọ kókò, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ajá ni wọ́n sì fi ń gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó wà á jáde. Owó gọbọi ni àwọn olówó fi ń rà á. Ìjọba Prussia, tí ó tóbi jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ Jámánì ayé ìgbà náà, rí owó yìí, ó sì wọ̀ wọ́n lójú. Mínísítà ètò ọ̀gbìn àti igbó pàṣẹ pé kí a wádìí bí a ó ti ṣe máa gbin olú náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Frank ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́.

Ìlú Dresden ni a bí Frank sí, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1839. Ní Yunifásítì Leipzig, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko, ni ó ti di olùtọ́jú àkójọ ewé gbígbẹ láti ọdún 1865. Ní ọdún 1880 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí àìsàn ohun ọ̀gbìn. Ní ọdún 1881 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Berlin. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ ibi tí olú lè ṣe.

Bí ó ti ń wádìí olú olówó iyebíye yìí, ó kíyè sí i pé kì í jìnnà sí ìdí igi, irú bí óákù. Ó tọ fọ́nrán rẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó sì rí i pé ara gbòǹgbò ni wọ́n lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí kó gbòǹgbò jọ láti inú oríṣiríṣi igbó, ó ń fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ wọ́n wò. Ohun kan náà ni ó ń bá pàdé: fọ́nrán olú ti bo orí gbòǹgbò tín-ín-rín wọ̀nyí bí ìbọ̀wọ́ ti í bo ìka. Gbòǹgbò fúnra rẹ̀ kò fi ara kan ilẹ̀ mọ́. A jẹ́ pé ọwọ́ olú ni igi ti ń gba omi àti oúnjẹ rẹ̀. Ní ọdún 1885 ó kéde èyí fún àwọn onímọ̀, ó fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tí ó túmọ̀ sí olú àti gbòǹgbò sọ ohun náà ní Mykorhiza, ó sì fi olú wé obìnrin tí ń fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú.

Ariyanjiyan bẹ́ sílẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ tí yóò rí àfòmọ́ lórí igi obì rẹ̀ tí yóò pè é ní alágbàtọ́, ojú àfòmọ́ gan-an ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì fi wo olú Frank. Robert Hartig ti ìlú Munich wà lára wọn, ọdún 1839 náà ni a sì bí òun pẹ̀lú. Kì í ṣe aláìmọ̀kan. Òun ni ó fi hàn ní àwọn ọdún 1870 pé okùn dúdú tí ó wà lábẹ́ èèpo àwọn igi tí ń kú, àti olú aláwọ̀ oyin tí ń hù ní ìdí wọn, ohun kan náà ni wọ́n, òun sì ni ó ń pa igi. Ẹni tí ó ti rí irú èyí kò ní tètè gbà pé olú kan ń bọ́ igi. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé Theodor Hartig, bàbá rẹ̀, ti ya àwòrán àwọ̀n olú inú gbòǹgbò páìnì ní nǹkan bí ọdún 1840, láìmọ̀ pé olú ni. Orúkọ bàbá yìí ni a fi ń pe àwọ̀n náà títí di òní.

Frank kò bá wọn fi ẹnu jà. Ó gbin ọmọ igi páìnì sínú iyẹ̀pẹ̀ igbó bí ó ti wà. Ó gbin òmíràn sínú irú iyẹ̀pẹ̀ kan náà tí ó ti fi ooru pa ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀. Àwọn ti àkọ́kọ́ dàgbà dáadáa, àwọn tí kò ní olú ràn. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1894. Ní ọdún 1899 a fi í ṣe olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ní ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba Jámánì, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀. Ó kú ní Berlin ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1900, ẹni ọdún 61. Olú tí ìjọba rán an níṣẹ́ lé lórí kò di ohun ọ̀gbìn ní Prussia. Bóyá àwọn tí ń ka owó kà á sí òfò. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ó yá ni ẹ̀rí kún. Ní ọdún 1950 àti 1957, Elias Melin àti Harald Nilsson ní ilẹ̀ Sweden fi èròjà onítànṣán, tí ẹ̀rọ lè tọ ipa rẹ̀, fi hàn pé olú ń gbé oúnjẹ ilẹ̀ fún igi, igi náà sì ń fún olú ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ fi oòrùn sè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ìhà Zaria àti Kaduna kò ní ṣàì mọ igi páìnì. Àjèjì ni igi yìí ní ilẹ̀ wa, olú rẹ̀ kò sì sí nínú ilẹ̀ ọ̀dàn. Nítorí náà ni àwọn ọmọ igi tí a kọ́kọ́ gbìn fi ń pọ́n lójú ewé, tí wọ́n sì ń kú. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ igbó ní Samaru ṣe ìwádìí lórí bí a ó ti fi olú sí gbòǹgbò wọn láti ilé ìtọ́jú ọmọ igi. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí a bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ láti ìdí páìnì tí ó ti dàgbà, kí a pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá tí a gbin ọmọ igi sí.